EÉWO INÚ ỌPỌLỌ: BÍ A TI Í MỌ̀ Ọ́N, BÍ A TI Í WÒ Ó, ÀTI BÍ ÀWỌN KÒKÒRÒ TÍ Ń FÀ Á TI Ń YÍPADÀ

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní àpéjọ àwọn ọmọ Ìjọ ní Ojú Ọrẹ, Ọ̀tà

Nígbà tí ẹ ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ níhìn-ín, ẹ ní kí n mú ọ̀rọ̀ tí yóò ṣe ilé ní àǹfààní wá. Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tàbí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú owó ni mo mú wá, bí kò ṣe ọ̀rọ̀ àrùn kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tí ì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, èyí nì ni eéwo tí í sọ nínú ọpọlọ. Èmi kì í ṣe oníṣègùn. Àlùfáà ni mí. Ohun tí mo mọ̀, mo kọ́ ọ láti inú ìwé, àti láti ẹnu àwọn oníṣègùn tí mo bá pàdé lẹ́bàá ibùsùn àwọn aláìsàn. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀ṣẹ̀ ni yóò jẹ́ sí mi lọ́rùn, ẹ ó sì mọ ìdí rẹ̀ nísinsìnyí.

Ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè àlùfáà, ìyá kan mú ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wá sí ilé mi lẹ́yìn ìsìn àárọ̀. Etí òsì ọmọ náà ti ń da ọyún láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ náà orí ń fọ́ ọ, ó sì ń bì. Mo wo ọmọ náà, mo gbàdúrà fún un, mo sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé kí ó má ṣe bẹ̀rù, nítorí etí tí ń dà a máa gbẹ bí ọmọ bá ti ń dàgbà. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ti máa ń wí, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà sì gbà gbọ́. Ìyá náà lọ, ó ra oògùn ibà fún un. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ọmọ náà ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tí ó mu ọtí. Àwọn aládùúgbò ní ọwọ́ ayé ni. Èmi kò wí pé ọwọ́ ayé ni, ṣùgbọ́n èmi kò sì wí pé kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí gìrì mú un ni wọ́n tó gbé e lọ. Ohun tí dókítà kọ́kọ́ bèèrè kò ju èyí lọ: “Ó ti tó ìgbà wo tí etí yìí ti ń dà?” Ní ọjọ́ kejì ọmọ náà kú. Dókítà náà pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì fi sùúrù ṣàlàyé fún mi pé ọyún inú etí náà ti jẹ egungun já, ó ti wọ inú ọpọlọ, ó sì ti di eéwo níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé níbikíbi tí wọ́n bá fún mi ní àyè, èmi yóò sọ ọ́.

I. KÍ NI EÉWO YÌÍ?

Gbogbo wa ni a mọ eéwo. Bí ó bá sọ ní itan tàbí ní abíyá, ara ibẹ̀ a kọ́kọ́ pọ́n, a gbóná, a sì le. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ àárín rẹ̀ a rọ̀, ọyún a sì pé jọ sínú rẹ̀. Nígbà tí ó bá tú, ìrora a lọ sílẹ̀, ọgbẹ́ a sì jiná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti inú ọpọlọ, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkínní ni pé egungun ni agbárí, kò sì lè fẹ̀. Bí ohun kan bá wú nínú rẹ̀, ọpọlọ fúnra rẹ̀ ni yóò fún mọ́. Èkejì ni pé eéwo náà kò ní ẹnu tí yóò gbà tú síta. Bí ó bá tú, inú ni yóò tú sí, sínú àwọn yàrá tí omi ọpọlọ wà, ikú sì lè dé láàárín wákàtí díẹ̀.

Àwọn oníṣègùn ti wo bí eéwo yìí ti ń dàgbà. Ní ọjọ́ 3 àkọ́kọ́, wíwú ni ọpọlọ ibẹ̀ ń wú, ọyún kò tí ì pé jọ. Láti ọjọ́ 4 títí dé ọjọ́ 9, àárín rẹ̀ ń kú díẹ̀díẹ̀, ó ń di ọyún. Láti nǹkan bí ọjọ́ 10 ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í mọ odi yí i ká, nígbà tí yóò bá sì fi di nǹkan bí ọjọ́ 14, odi náà ti di awọ líle. Odi yìí ní ire, ó sì ní ibi. Ire rẹ̀ ni pé kì í jẹ́ kí àrùn náà tàn ká gbogbo ọpọlọ. Ibi rẹ̀ ni pé kì í jẹ́ kí oògùn wọlé dáadáa. Ìdí nìyí tí oògùn nìkan kì í fi í tó ní ìgbà púpọ̀, tí a fi ní láti fa ọyún náà jáde.

II. ỌNÀ TÍ Ó Ń GBÀ WỌLÉ

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn kòkòrò àrùn ń gbà dé inú ọpọlọ.

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni ti aládùúgbò. Etí, ihò imú, àti eyín, aládùúgbò ọpọlọ ni wọ́n. Egungun tí ó jẹ́ òrùlé etí àárín tínrín púpọ̀. Ọpọlọ sì ni ó wà lórí òrùlé náà. Ní ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọpọlọ kékeré wà, èyí tí ń ṣe àkóso ìrìn àti ìdúró wa. Nítorí náà, bí etí bá ń dà fún oṣù tàbí fún ọdún, ọyún náà lè jẹ egungun já sí òkè tàbí sí ẹ̀yìn. Èyí ni ó mú kí ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ihò tí ó wà nínú egungun iwájú orí, lókè ojú, lè kún fún ọyún bákan náà lẹ́yìn ọ̀fìnkìn tí kò lọ, ó sì lè ran iwájú ọpọlọ, pàápàá lára àwọn ọ̀dọ́. Eyín tí ó jẹrà, tí a sì fi sílẹ̀, kò gbẹ́yìn.

Ọ̀nà kejì ni ti ẹ̀jẹ̀. Àrùn tí ó wà ní ẹ̀dọ̀fóró tàbí nínú ọkàn lè bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí orí. Ẹ̀yin ìyá, ẹ fi etí sí èyí: àwọn ọmọ kan wà tí a bí pẹ̀lú ihò nínú ọkàn, tí ètè àti èékánná wọn ń dúdú bí ẹni tí ó ki ọwọ́ bọ aró nígbà tí wọ́n bá sunkún tàbí tí wọ́n bá sáré. Ẹ̀dọ̀fóró dà bí asẹ́ tí ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ wa; ṣùgbọ́n lára irú àwọn ọmọ báwọ̀nyí, apá kan ẹ̀jẹ̀ kì í gba inú asẹ́ náà kọjá, tààrà ni ó ń lọ sí orí pẹ̀lú ohunkóhun tí ó bá gbé. Bí orí bá ń fọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí ibà sì wà lára rẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi ọjọ́ kan ṣòfò.

Ọ̀nà kẹta ni ti ọgbẹ́. Bí agbárí bá fọ́, tí erùpẹ̀, irun, tàbí èérún egungun wọlé, eéwo lè sọ níbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí lẹ́yìn oṣù. Àwa tí ń gbé ní Ọ̀tà mọ ohun tí ojú ń rí ní ìkóríta Ojú Ọrẹ yìí, níbi tí tírélà tí ń bọ̀ láti ilé iṣẹ́ àti alùpùpù ti ń du ọ̀nà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ń gun alùpùpù láìdé akoto, àti ẹ̀yin tí ń ṣiṣẹ́ níbi irin láìdé ohun ààbò, orí yín ni ẹ fi ń ta tẹ́tẹ́.

Lára àwọn aláìsàn mìíràn, a ó wá ọ̀nà tí àrùn náà gbà wọlé títí, a kì yóò rí i.

III. BÍ A TI Í MỌ̀ Ọ́N

Àmì mẹ́ta ni ìwé àwọn oníṣègùn ti máa ń kà papọ̀: orí fífọ́, ibà, àti àìlera apá kan ara, bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan tí kò gbé mọ́, ẹnu tí ó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí ọ̀rọ̀ tí kò já gaara mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró de àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ó tó lọ sí ilé ìwòsàn yóò pẹ́ jù. Ní ọdún 2014 àwọn onímọ̀ kan kó ìròyìn aláìsàn 9,699 jọ, àwọn tí a tọ́jú ní oríṣiríṣi ilẹ̀ láti ọdún 1935 títí di 2012. Nínú 100 aláìsàn, nǹkan bí 69 ni orí ń fọ́. Nǹkan bí 53 ni ó ní ibà. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 20 péré ni ó ní àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kíyèsí i: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì nínú wọn tí ara wọn kò gbóná rárá. Nítorí náà ẹni tí ó wí pé, “Kò ní ibà, kò lè jẹ́ àrùn ọyún,” ṣìnà.

Ẹ sì tún wo ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà ṣòro ní ilẹ̀ tiwa. Ibà wọ́pọ̀ láàárín wa tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí orí bá fọ́ ènìyàn, ibà ni. Bí ara bá gbóná, ibà ni. Bí ó bá bì, ibà náà ni. Ní ìgbà púpọ̀ òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ti lo oògùn ibà pé, tí orí fífọ́ náà kò lọ, tí ó ń le sí i lójoojúmọ́, tí ó ń jí aláìsàn lójú oorun, tí èébì bá a rìn, kí a má ṣe pààrọ̀ oògùn ibà kan fún òmíràn. Ohun mìíràn ni ó wà níbẹ̀. Gìrì tí ó kọ́kọ́ mú àgbàlagbà, tí kò mú un rí, àmì ni. Ìwà tí ó yípadà lójijì, kí ènìyàn jẹ́jẹ́ di ẹni tí ń sọ ìsọkúsọ, tàbí kí ó máa sùn ṣáá, àmì ni pẹ̀lú. Mélòó nínú irú àwọn wọ̀nyí ni a ti dè mọ́lẹ̀ ní ilé àdúrà pé wọ́n ya wèrè!

Ní ilé ìwòsàn, ohun tí ń fi eéwo náà hàn ni àwòrán inú orí. Ẹ̀rọ méjì ni ó ń ya irú àwòrán náà: èyí tí a ń pè ní CT, àti èyí tí a ń pè ní MRI. Bí a bá fi oògùn kan sínú iṣan kí a tó yà á, odi eéwo náà a tàn yòò bí òrùka, ọyún a sì dúdú ní àárín rẹ̀. MRI lágbára ju CT lọ láti fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ọyún àti jẹjẹrẹ, nítorí àwọn méjèèjì lè jọra bí ìbejì nínú àwòrán. Àwọn oníṣègùn a tún gba ẹ̀jẹ̀ láti wò bóyá kòkòrò àrùn wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fura sí eéwo tí ó tóbi, wọn kì í fa omi láti ọ̀pá ẹ̀yìn, nítorí ó lè mú kí ọpọlọ tí ó ti fún pọ̀ ki sọ̀kalẹ̀, kí aláìsàn sì kú. Nítorí náà bí dókítà bá ní òun kò ní í fa omi ẹ̀yìn, kí ẹbí má ṣe bínú pé kò mọ iṣẹ́.

IV. ÀWỌN TÍ Ó LA Ọ̀NÀ NÁÀ

Ní ìlú Glasgow, ní ilẹ̀ Scotland, oníṣẹ́ abẹ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ William Macewen. Ní ọdún 1876 a gbé ọmọkùnrin kan wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà náà kò sí ẹ̀rọ kankan tí ó lè yàwòrán inú orí. Àmì ara ọmọ náà nìkan ni Macewen wò, ó sì sọ pé eéwo wà nínú ọpọlọ rẹ̀, ó sọ ibi tí ó wà gan-an, ó sì bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣí i. Wọ́n kọ̀ fún un. Ọmọ náà kú. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ a ṣí orí náà, eéwo náà sì wà ní ibi tí ó ti wí. Ẹ̀yin ará, mi ò lè ka ìtàn yìí láìrántí ìtàn tèmi. Ṣùgbọ́n Macewen kò sọ ìrètí nù. Ní ọdún 1893 ó tẹ ìwé kan jáde, nínú èyí tí ó ti ròyìn pé nínú àwọn 19 tí òun ṣe iṣẹ́ abẹ fún nítorí eéwo inú ọpọlọ, 18 ni ara wọn dá. Èyí ṣẹlẹ̀ ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó mọ pẹnisílìnì, nítorí ọdún 1928 ni Alexander Fleming ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Ní ọdún 1971, ní ilé ìwòsàn Atkinson Morley ní Lọ́ńdọ̀nù, a kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ CT tí Godfrey Hounsfield ṣe yàwòrán inú orí aláìsàn. Ní ọdún 1979 a fún òun àti Allan Cormack ní ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ náà. Láti ìgbà náà ni oníṣẹ́ abẹ kò ti ní láti máa táràrà nínú òkùnkùn mọ́.

Ní ilẹ̀ tiwa ńkọ́? Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn, tí a ń pè ní UCH, ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọdún 1957. Ní ọdún 1962, Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ ìlú Awẹ́, padà dé láti Amẹ́ríkà, níbi tí ó ti kọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Howard, tí ó sì ti kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Michigan. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ náà. Ó lè dúró sí Amẹ́ríkà, kí ó jẹun yó. Ṣùgbọ́n ó wá sí Ìbàdàn, ó dá ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀, Adélọlá Adélóyè sì bá a ṣe é. Ọdẹ́kù kú ní ọdún 1974 láìpé ẹni àádọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò kú. Orúkọ rẹ̀ ni a fi sọ ilé ìkàwé ìṣègùn tí ó wà níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá wí fún yín lónìí pé eéwo inú ọpọlọ kò ní ìwòsàn ní ilẹ̀ wa, ẹ sọ fún un pé ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀.

V. ÀWỌN KÒKÒRÒ TÍ Ń YÍPADÀ

Bí ọ̀tá bá ń pààrọ̀ aṣọ, ẹ̀ṣọ́ tí kò kíyèsí i yóò jẹ́ kí ó wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn kòkòrò tí ń fa eéwo yìí.

Ní àtijọ́, orúkọ méjì ni a sábà máa ń gbọ́: Staphylococcus, tí ó wọ́pọ̀ nínú eéwo ara àti nínú ọgbẹ́, àti Streptococcus, tí ibùgbé rẹ̀ jẹ́ ẹnu, ọ̀fun, àti ihò imú. Ṣùgbọ́n ohun kan ń ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu. Wọn a fa ọyún jáde, ọyún náà a máa rùn, wọn a sì rí kòkòrò nínú rẹ̀ bí wọ́n bá fi awò tí í sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó. Síbẹ̀ bí wọ́n bá gbìn ín sínú àwo kí ó lè hù, ohun kankan kì í hù. Nígbà tí ó yá ni wọ́n mọ̀ pé irú kòkòrò kan wà tí afẹ́fẹ́ ń pa, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ gbígbẹ ti ń pa ẹja. Kí ọyún náà tó dé ilé àyẹ̀wò, wọ́n ti kú. Ní ọdún 1963, Heineman àti Braude ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn kòkòrò wọ̀nyí wà nínú ọ̀pọ̀ eéwo ọpọlọ bí a bá fi ọgbọ́n gbìn wọ́n níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé. Ní ọdún 1977 àwọn oníṣègùn ìlú Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé nípa eéwo ọpọlọ tí ó ti inú etí wá, wọ́n sì fi hàn pé oògùn metronidazole wúlò fún irú àwọn kòkòrò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin mọ oògùn náà; òun ni ẹ ń pè ní Flagyl, tí ẹ ń lò fún inú rírun. Ta ni ìbá rò pé yóò gba ènìyàn là nínú àrùn ọpọlọ?

Ìyípadà kejì ni ti orísun. Ní àwọn ilẹ̀ tí ọmọdé ti ń rí oògùn gbà kíákíá nígbà tí etí bá ń dùn wọ́n, eéwo tí ó ti inú etí wá ti dínkù púpọ̀, àti pẹ̀lú rẹ̀ àwọn kòkòrò etí bí Proteus. Èyí tí ó kù níbẹ̀ jẹ́ ti eyín, ti ihò imú, àti ti àwọn tí a ti ṣe iṣẹ́ abẹ orí fún. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tiwa, etí tí ń dà àti ihò imú tí ó kún fún ọyún ṣì wà lára àwọn olórí ohun tí ń fà á. Kì í ṣe pé orí tiwa yàtọ̀. Ìtọ́jú etí ni ó yàtọ̀.

Ìyípadà kẹta ni ti àwọn tí agbára ara wọn ti lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn tí kòkòrò HIV dé, àti lẹ́yìn tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lo àwọn oògùn líle fún jẹjẹrẹ, a rí àwọn tí kò wọ́pọ̀ tẹ́lẹ̀: Toxoplasma, Nocardia, ikọ́ ẹ̀gbẹ nínú ọpọlọ, àti olú wíwú oríṣiríṣi. Oògùn tí ń pa ti àkọ́kọ́ kì í pa ìwọ̀nyí. Nítorí náà ni dókítà yóò fi bèèrè àyẹ̀wò HIV; kì í ṣe láti dójú ti aláìsàn.

Ìyípadà kẹrin ni èyí tí ọwọ́ àwa fúnra wa wà nínú rẹ̀. Àwọn kòkòrò kan ti kọ́ bí a ti í yè níwájú oògùn. A ń ra oògùn apakòkòrò méjì-méjì lọ́wọ́ ẹni tí ń gbé e kiri nínú ọkọ̀. A ń mu ún ní ọjọ́ méjì, ara fúyẹ́, a sì dá a dúró. Àwọn kòkòrò aláìlágbára kú, àwọn alágbára ṣẹ́kù, wọ́n sì bímọ. Ní ọjọ́ tí a bá nílò oògùn náà fún ọpọlọ ọmọ wa, a ó rí i pé a ti fi ọwọ́ ara wa ba ohun ìjà wa jẹ́.

Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ ní Marseille ní ilẹ̀ Faransé lo ọ̀nà tuntun kan: wọn kò gbin kòkòrò mọ́, bí kò ṣe pé wọ́n ka àmì ìdílé rẹ̀ nínú ọyún náà. Wọ́n rí i pé irú kòkòrò tí ó wà nínú eéwo ọpọlọ pọ̀ ju èyí tí gbígbìn lè fi hàn lọ jìnnà. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀tá kan ṣoṣo ni ó wà nínú eéwo kan. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́.

VI. BÍ A TI Í WÒ Ó LÓNÌÍ

Nǹkan mẹ́ta ni ìwòsàn náà dúró lé lórí. Èkínní ni láti fa ọyún jáde. Oníṣẹ́ abẹ a lu ihò kékeré kan sí agbárí, a sì fi abẹ́rẹ́ tí àwòrán ń darí fa ọyún náà. Bí eéwo náà bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí ni wọ́n sábà máa ń ṣe; nígbà mìíràn wọn a yọ ọ́ todi-todi. Ọyún náà a lọ sí ilé àyẹ̀wò kí a lè mọ kòkòrò tí ó wà níbẹ̀. Bí aláìsàn bá ní agbára díẹ̀, tí iṣẹ́ abẹ sì sún mọ́ tòsí, dókítà lè dá oògùn dúró fún ìgbà díẹ̀ kí ọyún náà lè sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá ń rì, lójú ẹsẹ̀ ni oògùn yóò bẹ̀rẹ̀.

Èkejì ni oògùn. Níwọ̀n ìgbà tí a kò tí ì mọ kòkòrò náà, ceftriaxone tàbí cefotaxime pẹ̀lú metronidazole ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, nínú iṣan. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni a máa ń lò ó bí a bá fa ọyún. Ó lè mọ ní ọ̀sẹ̀ 4 bí a bá yọ eéwo náà pátápátá. Ẹbí yóò sọ pé, “Ara rẹ̀ ti yá, ẹ jẹ́ kí a máa lọ.” Mo bẹ̀ yín, ẹ má lọ. Wọn a tún ya àwòrán láti wò bí eéwo náà ti ń kéré sí i. Bí gìrì bá ti mú un, oògùn gìrì a bá a rìn.

Ẹ̀kẹta ni láti dí ọ̀nà tí àrùn náà gbà wọlé. Bí etí ni, a ó tún egungun ẹ̀yìn etí ṣe. Bí eyín ni, a ó yọ ọ́. Bí ọkàn ni, a ó tọ́jú ọkàn. Ẹni tí ó gbọ́n omi kúrò nínú ilé tí kò sì dí òrùlé, òjò mìíràn ń bọ̀.

Èrè ìmọ̀ yìí hàn gbangba. Nínú ìròyìn aláìsàn 9,699 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn tí ń kú dínkù láti 40 nínú 100 sí 10 nínú 100, àwọn tí ara wọn sì dá ṣáṣá pọ̀ sí i láti 33 dé 70. Ọgọ́ta ọdún ni ó gbà.

VII. OHUN TÍ Ó KÙ SÍ WA LỌ́WỌ́

Èkínní, etí tí ń dà kì í ṣe ohun tí ọmọ ń dàgbà kúrò nínú rẹ̀. Etí tí ó bá dà ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe da òróró gbígbóná sí i, ẹ má ṣe fi ìyẹ́ adìẹ tàbí igi ìṣáná rò ó. Ìtọ́jú rẹ̀ kì í wọ́n; èyí tí ó bá dé inú ọpọlọ ni yóò gba ilẹ̀ àti ilé.

Èkejì, ẹ mọ ọ̀nà. Láti Ọ̀tà níhìn-ín, ilé ìwòsàn ìjọba wà nítòsí fún àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ju agbára wọn lọ, ilé ìwòsàn ńlá wà ní Ìdí-Abà ní Abẹ́òkúta, ní Ṣàgámù, ní Ìkẹjà, ní Ìdí-Àràbà, àti ní Ìbàdàn. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ dókítà pé, “Níbo ni oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ wà lónìí?” kí ẹ tó gbéra, kí ẹ má baà gbé aláìsàn yí ìlú ká.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ nípa owó. Àwòrán inú orí àti oògùn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ wọ́n fún oníṣẹ́ òòjọ́. Òfin ìlera ti ọdún 2022 sọ pé kí gbogbo ènìyàn ní Nàìjíríà wọ ètò ìdójútòfò ìlera; ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ nígbà tí ara le. Kí Ìjọ pẹ̀lú ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. A ń dá owó aṣọ òkú. Kí ni kò ní í jẹ́ kí a dá owó tí kò ní í jẹ́ kí a sin ín?

Ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ yìí kan àwa olórí ìsìn. Ẹ rántí Hesekáyà ọba, ẹni tí eéwo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa. Ó gbàdúrà, Ọlọ́run sì gbọ́. Síbẹ̀ wòlíì Isaiah kan náà tí ó mú ìdáhùn àdúrà wá ni ó pàṣẹ pé kí a mú èso ọ̀pọ̀tọ́ wá, kí a fi lé ojú eéwo náà. Wòlíì náà kò ka oògùn sí ọ̀tá àdúrà. Èmi tí mo jẹ́ àlùfáà kékeré, mo fi àdúrà dí ọ̀nà oògùn, mo sì sin ọmọ ọlọ́mọ. Bí aláìsàn bá wà ní ilé àdúrà yín, tí orí ń fọ́ ọ, tí ó ń bì, tí ọwọ́ rẹ̀ kan kò gbé, ẹ gbàdúrà fún un nínú ọkọ̀ tí ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Kí n tó jókòó, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan sí i. Ìyá ọmọ náà kò kúrò nínú Ìjọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sì bú mi rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo tọ́ sí i. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ó wá bá mi lẹ́yìn ìsìn àárọ̀ gẹ́gẹ́ bí ti ìgbà náà, ó mú ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́. Ó ní, “Bàbá, etí rẹ̀ ń dà.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi náà kò bèèrè ọ̀rọ̀ kankan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, èmi pẹ̀lú wọn ti wà lórí ìjókòó ní ilé ìwòsàn, a ń dúró de oníṣègùn etí. Ó gba oṣù díẹ̀ àti iṣẹ́ abẹ kékeré kan, ṣùgbọ́n etí náà gbẹ. Ọmọ náà ń kọrin nísinsìnyí nínú ẹgbẹ́ akọrin àwọn ọmọdé.

Nígbà tí ẹ bá dé ilé, ẹ wo etí àwọn ọmọ yín.